Kí Adriano Má Baà Gbá Epo Kọjá Ẹnubodè

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló já lù wá láàrin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Bélú 2019, àwọn tó ń fi àmì-ẹ̀yẹ Oscar dá fíìmù lọ́lá l'Ámẹ́ríkà yọ Lionheart, fíìmù Genevieve Nnaji, kúrò nínú ìdíje fíìmù ilẹ̀ òkèèrè torí pé èdè òyìnbó inú rẹ̀ pọ̀jù. Lọ́jọ́ Ẹtì, Living in Bondage tuntun tí Ramsey Nouah darí dé ilé sinimá, ọdún 27 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Láàrin méjèèjì, ní Ọjọ́rú, Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já epo bẹntiróòlù mọ́ níléepo kankan tó bá wà láàrin kìlómítà 20 sí ẹnubodè, táǹkì ibẹ̀ ì báà tóbi, ì báà kéré. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń jiyàn lórí méjì àkọ́kọ́ káàkiri. Ẹ̀kẹta ló gba ẹnu àwọn ará Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ìlú kan lẹ́nubodè Nàìjíríà àti Benin ní Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn, torí pé fíìmù tuntun o, fíìmù àtijọ́ o, kò sí èyí tó ṣeé wò nínú òkùnkùn.

Ẹ ti gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń kà sí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ẹnubodè lẹ́sẹ̀: wọn kì í ṣiṣẹ́, wọn kì í kàwé, ìjókòó ni ṣáá. Bí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, ọ̀rọ̀ fíìmù ni; bí wọ́n bá pé márùn-ún, ọ̀rọ̀ géèmù ni, kí wọ́n tó wá já a sórí owó gàrí àti ẹni tó fẹ́ gbéyàwó. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí kò sọ fún wa ni ìdí tó fi jẹ́ géèmù àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. PlayStation 2 jáde ní 2000, Sony sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 2013, síbẹ̀ òun ló bá ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mu jù lọ. Kò bèèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ki síídì Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù, bọ̀ ọ́, na pádì kejì sí ọ̀rẹ́ rẹ, ó parí. Iná nìkan ló ń bèèrè. Ti iná ìjọba, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀: wọ́n sọ NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún aládàáni ní 2013, àtúnṣe orúkọ nìkan ni kì í dákú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ń gbé géèmù ró, bẹntiróòlù ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ ró, náírà 145 sì ni lítà kan lẹ́nu ìjọba ní 2019. Bí ìjọba bá wá dá epo dúró, géèmù ò kú o. Ó kàn kó lọ sẹ́nu ni. Ẹni tí kò rí Winning Eleven gbá mọ́ á máa ròyìn bí òun ṣe gbá a nígbà kan. Ìjókòó tí ẹ ń bú yìí, Àbújá ló gbé àga kalẹ̀ fún un.

Kìlómítà 20 ọ̀hún gan-an ló yẹ ká tú wò. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ṣé bí ẹyẹ ṣe ń fò ni, àbí bí ọ̀kadà ṣe ń yà fún kòtò? Bó bá jẹ́ ti ọ̀kadà ni, ọ̀nà Yewa lè sọ kìlómítà 12 di 20 wẹ́rẹ́, a jẹ́ pé kòtò tí à ń bú láti ọjọ́ yìí ló máa gba àwọn ìlú kan là lọ́wọ́ òfin. Iléepo tó wà ní kìlómítà 19 àti ààbọ̀ ńkọ́? Ṣé kí onílé fa páǹpù rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni? Ọ̀kadà tó rọ epo kún ní Ìlaròó, tó wá dúró sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ṣé kò tíì di iléepo ẹlẹ́sẹ̀ méjì báyìí? Ìwé àṣẹ náà kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Winning Eleven mọ Adriano, ará Brazil tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nínú géèmù náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀nà jíjìn: láti àárín pápá ni yóò ti gbá a, àwọ̀n á sì mì. Àlàyé kan ṣoṣo tó bá ọgbọ́n mu ni pé àwọn ọ̀gá Aṣọ́bodè ti rí Adriano, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀: bí ọ̀dọ́ kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó bá rí epo lítà 5 rà sínú kẹ́ẹ̀gì, tó tan jẹnẹrétọ̀, tó gbé Adriano jáde, tó wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí tí agbára fi kún, kẹ́ẹ̀gì yóò gbéra, yóò fò kọjá orí àwọn sójà tó ń ṣọ́ ẹnubodè, yóò sì balẹ̀ sí Ìfọ̀nyìn tó wà lọ́hùn-ún ní Benin, níbi tí oníkpayo, ẹni tó ń ta epo fàyàwọ́, ti ń fi àyà gbà á. Wọ́n wá ní kí wọ́n lé Adriano sẹ́yìn kìlómítà 20, kó má baà sí wàhálà. Ẹni tó bá ní àlàyé tó sàn ju èyí lọ, kó fi ránṣẹ́.

Wọn yóò ní fàyàwọ́ ni àlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni, fàyàwọ́ wà, ẹni tó bá sẹ́ ẹ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Epo tí ìjọba wa ń san owó ìrànwọ́ lé lórí nígbà náà kò wọ́n níbí, ó wọ́n lọ́hùn-ún, ibi tí èrè bá sì wà lọjà ń lọ. Ọ̀pọ̀ kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú títì Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 oṣù Ògún 2019 ni ìjọba ti ti ẹnubodè pa, tí sójà, ọlọ́pàá, aṣọ́bodè àti ìmígíréṣọ̀n jọ ń ṣọ́ ọ nígbà náà. Nínú méjì, a óò mú ọ̀kan. Bí ẹnubodè bá tì lóòótọ́, epo kò lè kọjá, òfin tuntun kò sì níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Bí epo bá ṣì ń kọjá, ojú àwọn tí à ń sanwó oṣù fún láti ṣọ́ ọ ló ń gbà kọjá. Táńkà kì í bá ihò èkúté jáde. Ẹnì kan ló ń gbé igi ọ̀nà sókè fún un. Ẹni tó gbé igi sókè ń gbowó oṣù, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n pa iná mọ́ lórí. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ níbi yìí o. Ilé ìgbẹ̀bí tó bá wà láàrin kìlómítà 20, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò ní mu omi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ kì í fi àdúrà yí. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà ẹnubodè yìí ní 1889, tí wọ́n fi pín Ìfọ̀nyìn sọ́tùn-ún sósì láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ọdún 130, ìlà lásán ni. Ìjọba tí a fọwọ́ ara wa dìbò yàn ló wá fún un ní ìbú kìlómítà 20. Ìwà ìkà ni, kò lórúkọ mìíràn.

Ẹlòmíràn á ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló kan géèmù àti fíìmù? Ó kàn wọ́n gan-an. Nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ń jiyàn lórí fíìmù, ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń sọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni tí yóò bínú. Ẹ mú Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993. Ìjòyè kan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ta ilẹ̀ ọlọ́wọ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iléepo sí i, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1993, ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé iléepo lè gba ilẹ̀ baba wa. Ní 2019, ilẹ̀ baba wà, iléepo wà lórí rẹ̀, epo ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ mú Ṣaworoidẹ ti 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ: Lápité fẹ́ oyè, kò fẹ́ májẹ̀mú tó so ọba mọ́ ará ìlú. Ta ló nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn ní Nàìjíríà? Ẹni tó bá ní kí ọ̀dọ́ wo fíìmù lórí fóònù, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò ti gba iná sí i. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n lọ dáko, ó dára, wọ́n ń dáko. Alẹ́ ló ń lẹ́ lẹ́yìn oko. Ìgbádùn tálákà kì í ṣe ẹ̀bùn tí aṣọ́bodè ń fúnni, tó fi lè gbà á padà.

Ẹ sì má gbàgbé ẹni tí àṣẹ náà ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2017, Ilé Aṣòfin Àgbà ní kí Hameed Ali, ọ̀gá àgbà Aṣọ́bodè nígbà náà, wọ aṣọ iṣẹ́ Aṣọ́bodè wá síwájú àwọn. Ó wá, kò wọ̀ ọ́, wọ́n ní kó padà sílé. Ọkùnrin tí odidi ilé aṣòfin kò lè yan ẹ̀wù fún ni iléeṣẹ́ rẹ̀ wá yan òkùnkùn fún Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, Ìpókíà àti Ìdí-Ìrókò, àwọn ìlú tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ilé tó lé e nítorí bọ́tìnnì, mi ò gbọ́ kó pè é nítorí bẹntiróòlù lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ń pe ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Nàìjíríà, àwa Yewa là ń gbé lẹ́nu ọ̀nà náà. Láti 1976 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọmọ Yewa kan ò tíì wọlé ìbò gómìnà rí. Ìyẹn náà, kìlómítà mélòó ni wọ́n fún wa?