Ẹ Kúkú Gbẹ́ Kòtò Kejì Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọlọ́kadà Aládé ní Ìdànrè, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá tún ń lọ sin ọ̀kan nínú yín tí alùpùpù pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, òkú mélòó lẹ fẹ́ sin lọ́jọ́ náà? Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè fẹ́ mọ̀. Eré tí ẹ ń sá tẹ̀lé pósí yẹn, kòtò kan ò lè gbà á.

Gbogbo yín lẹ ti rí i, ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan á sá eré àsápajúdé wọ kọ́nà, á forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù, á kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sunkún, wọ́n á dáwó epo. Tó bá di ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n á wá fi eré àsápajúdé ṣẹ̀yẹ fún ẹni tí eré àsápajúdé pa. Wọ́n á gba títì láti gọ́tà dé gọ́tà. Ẹni mẹ́ta lórí alùpùpù kan. Èyí dìde dúró lórí ìjókòó, ìyẹn nasẹ̀ sí ẹlòmíì lójú, ẹnì kẹta jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni ń gba ìbùkún. Wọ́n ti yọ sàlẹ́ńsà dànù kí ariwo lè kan ọ̀run. Ẹ wá wo òkú: ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ilẹ̀kùn tì, pákó yí i ká lọ́tùn-ún lósì, dírẹ́bà rẹ̀ sì ń rọra wà. Nínú gbogbo èrò yẹn, òkú nìkan ni nǹkan gidi bò lórí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ló ń bí mi nínú jù. Ewé ni.

Ewé tútù tí wọ́n ń dì mọ́ ọwọ́ alùpùpù ni mò ń wí. Ìwọ́de òkú ni o, ìwọ́de ìbò ni o, ìwọ́de ìbínú ni o, ewé kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè iṣẹ́ tí ewé ń ṣe. Ó ní, "Bàbá, òun ló máa jẹ́ kí mọ́tò mọ̀ pé à ń bọ̀." Mo wo alùpùpù rẹ̀. Ewé ti bo iná iwájú. Ó ti bo tirafikétọ̀. Ẹ̀ka kan dábùú ojú rẹ̀ gan-an, tó jẹ́ pé ó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè rí mi bá sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, mọ́tò á mọ̀ pé ó ń bọ̀. Òun ni kò ní í mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀.

Ewé yìí ti gbapò bíréèkì, ó gbapò àṣíborí, ó tún gbapò ìwé ọkọ̀. Bí ìwọ nìkan bá gun alùpùpù kọjá láìdé àṣíborí, agbófinró á dá ọ dúró, á ní kó o mú ìwé wá, á máa yí alùpùpù rẹ po títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ pé ọgọ́rùn-ún, kí ẹ já ewé dání, agbófinró kan náà á yà bàrà sínú igbó, á ní Ọlọ́run tù yín nínú. Nítorí náà, ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kú, kó má wulẹ̀ ná owó sí i. Kó gé ẹ̀ka igi kan, kó sunkún díẹ̀, kó máa lọ. Ó ku kí ìjọba wá fi òǹtẹ̀ lu ewé fún wa: èyí wà fún kọ́nà, èyí wà fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ewé obì fún ẹni tó bá gbé ìyàwó sẹ́yìn. Ẹ̀ka kòkó mi tí wọ́n sì ń gé ṣe é, èmi àti wọn ṣì máa sọ ọ́.

Ẹ rántí ọdún 2009. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ní kí ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ máa dé àṣíborí. Lókè Ọya, àwọn kan gbé igbá gbígbẹ lé orí, àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé garawa ọ̀dà. Ayé fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, àwa náà rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Àwọn èrò mìíràn ní àwọn ò lè dé àṣíborí ọlọ́kadà, nítorí oògùn tó lè wà nínú rẹ̀ lè gbé àwọn pòórá. Wọ́n bẹ̀rù àṣíborí, wọn ò bẹ̀rù tírélà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó dé igbá kúkú mọ ibi tí agbárí rẹ̀ wà. Ọwọ́ alùpùpù lẹ̀yin ń so ewé yín mọ́.

Bẹ́ẹ̀, gígun alùpùpù ní ọ̀wọ́ kì í ṣe awo. Àjọ Motorcycle Safety Foundation nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè kàwé. Ọ̀wọ́ kan kò gbọ́dọ̀ pọ̀, márùn-ún sí méje ló dára jù. Ọgọ́rùn-ún yín á di ọ̀wọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹni tó gbówọ́ ni ó ṣáájú, ẹni tó gbówọ́ ni ó kẹ́yìn. Àwọn tó kù á tò ní ọ̀kan ọ̀tún, ọ̀kan òsì, wọn kò ní í fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Kí ìṣẹ́jú àáyá méjì ó wà láàárín ìwọ àti ẹni tó wà níwájú rẹ gan-an. Bí ẹ bá dé kọ́nà, tàbí ibi tí títì ti bàjẹ́, kí gbogbo yín ó tò sẹ́yìn ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò mọ ètò nínú yín? Lọ́jọ́ ọdún, ìjòyè wo ló tó bẹ́ẹ̀ láti ya ọba sílẹ̀ ní Ìdànrè? Ẹ mọ ẹni tó ń ṣáájú, ẹ mọ ẹni tó ń tẹ̀lé e. Alùpùpù lẹ bá gùn tán lẹ gbàgbé. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun òkè wa, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀, ẹsẹ̀ wọn ò yẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ wá fẹ́ gbá wọn pa sí.

Mo fẹ́ dá ẹ̀fẹ̀ dúró níbí o. Àwọn ọmọ yìí kọ́ ni mo fẹ́ bú tán. Àwọn olóṣèlú tó ń kó wọn jáde ni mo fẹ́ bú. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ìbò 2027 ò sì jìnnà mọ́. Wọ́n á ra epo, wọ́n á pín ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pín fìlà tí ojú wọn kún bámúbámú. Wọ́n rówó ya ojú ara wọn sí fìlà ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò rówó ra àṣíborí. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ kárí ayé fi hàn pé àṣíborí ń dín ikú alálùpùpù kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Olóṣèlú mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jókòó sínú jíìpù, tó de bẹ́líìtì, tó ń juwọ́ sí yín láti inú gíláàsì. Bí ọmọ bá ṣubú, jíìpù á kọjá. Ìyá ọmọ ni yóò fi oko kòkó dúró lọ́dọ̀ olówó kó tó rí owó ìwòsàn. Ìkà ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ yìí mọ alùpùpù gùn. Ẹ lọ wò wọ́n lọ́nà oko nígbà ìkórè, tí wọ́n bá di àpò kòkó sẹ́yìn. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tóóró, wọ́n á fi àyè sílẹ̀, wọ́n á yà fún òkúta, kò sẹ́ni tó ń dìde dúró lórí ìjókòó, ewé kan ò sì sí níbẹ̀. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà ayé. Ta ni yóò fi irú ẹrù yẹn ṣeré?