Oníbéèrè Ààrin Ọ̀pẹ

Bí ẹ bá dé Òde-Ayé lọ́jọ́ ìnáwó, tí ẹ rí ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, tó gbé àga onírọ́bà méjì síta, tó sì fi ọmọ ọ̀pẹ inú ọ̀rá dúdú há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ yà bàrá. Oníbéèrè nìyẹn. Fóònù rẹ̀ ti ń ká fídíò kí ẹ tó fìdí kan àga.

Olórin tó wá ṣeré níbi òkú ló kọ́kọ́ mú. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin yín tó dùn yẹn, ta ló bá yín kọ ọ́?" Òṣèré tíátà kan náà bọ́ sí i lọ́wọ́: "Àǹtí mi, nínú gbogbo fíìmù yín, èwo ló dára? Àbí kò tíì jáde?" Yóò wá dákẹ́, yóò tẹjú mọ́ wọn bí ẹni ń retí ọ̀kadà. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pè ní àwàdà. Ààfin Halu, ọba ìlú náà, nìkan ni kò tíì gbé àga rẹ̀ dé. Orí rẹ̀ ṣì pé díẹ̀.

Òun kọ́ ló dá irú eré yìí sílẹ̀. Zach Galifianakis, aláwàdà Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2008: àga méjì, ìkòkò ewéko méjì, ìbéèrè tí kò nítìjú. Ààrẹ Obama jókòó síbẹ̀ lọ́dún 2014. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì máa ń pa èèyàn. Àfi ìgbà tí Netflix fà á gùn di fíìmù lọ́dún 2019. Nínú rẹ̀, Galifianakis ń wa mọ́tò kiri Amẹ́ríkà, ó ń wá gbajúmọ̀ 10 tí yóò bi ní ìbéèrè kó lè rí ètò tẹlifíṣọ̀n gbà. Mo wò ó tán. Ibi ìbéèrè ta sánsán, ìrìn àárín wọn ò níyọ̀. Ata ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀; ta ló ń bu ata jẹ bíi pupurú?

Síbẹ̀, Galifianakis mọ ohun kan tí Oníbéèrè wa ò mọ̀: òun fúnra rẹ̀ ni òmùgọ̀ inú eré náà. Àlejò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dá èébú padà fún un. Bàbá Sàlá, aláwàdà Yorùbá, mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Nínú fíìmù Ọ̀run Mooru ọdún 1982, òun gan-an ni wọ́n lù ní jìbìtì, tí a sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Oníbéèrè? Lọ́jọ́ kan, ìyá oní-pupurú jókòó sórí àga àlejò, kò dúró de ìbéèrè. Ó ní, "Ọmọ mi, owó pupurú ìjẹta ńkọ́?" Oníbéèrè kólòlò, òógùn bò ó nínú kóòtù, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a ṣì ń ká fídíò." Ìyá ní, "Ká a dáadáa."

Nígbà tó yá, Oníbéèrè náà ṣe fíìmù, wákàtí méjì gbáko, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Kó tó dé ìdajì, àwọn èèyàn ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló bá a dé òpin.

Ó ti gé ibi ìyá oní-pupurú kúrò. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rín wà.