Bánga Kì í Ṣe Ọmọ Ọjà

Kí ẹlòmíràn tó fi mí sùn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́: nínú àwọn tí kò mọ bí a ṣe ń jayé ọjà ọdún ní Ìkirè àti Àpòmù, èmi ni ọ̀gá. Agbádá funfun ni mo máa ń wọ̀ lọ jẹ dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá àlà, tí wọ́n fi ata àti epo pupa sọ di ohun tí ọwọ́ kò lè gbàgbé. Bí epo bá wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára aṣọ, epo ni n óò máa bú. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti ń ná ọjà, títí awakọ̀ yóò fi gbéra, tí owó mi á wà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà, tí ọjà náà á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára ju èmi lọ. Èyí tó burú ni ti bánga, ẹ̀tù aláriwo tí wọ́n máa ń yìn lákòókò ọdún. Bí Kérésì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bí ẹlòmíràn bá sì yin tirẹ̀ nítòsí mi, n óò fò sókè, n óò tún wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí mi. Ìwà yìí ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀tù àti ọjà kì í bára wọn gbé, ọjà Àpòmù sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ìkirè àti Àpòmù kò ní òkun, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ èbúté aláìlómi ni ọjà Àpòmù: ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Ó ń tù mí nínú pé èmi kọ́ ni mo dá àṣìṣe sílẹ̀ níbẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ó bá òwò dé Àpòmù, ó sì ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú; Baálẹ̀ ìlú náà gba ọ̀rẹ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n da ẹgba bo ẹni tó tà á. Nígbà tí ẹni tó jẹgba wá jọba, ẹ̀mí Baálẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àmọ́ ti Òwu ni mo ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìjà lórí títà atare ṣẹlẹ̀ ní ọjà yìí láàárín àwọn Òwu àti Ìjẹ̀bú. Òwu bínú, wọ́n kó ogun dé, wọ́n pa Àpòmù run. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ para pọ̀, wọ́n sàga ti Òwu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Agẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ ni Òwu gbójú lé. Àwọn Ìjẹ̀bú tó súnmọ́ etíkun ti ní ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́. Òwu fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tú ká títí dé Abẹ́òkúta. Àríyànjiyàn orí atare ló kọ́kọ́ wà. Ẹ̀tù ló bá wọn parí rẹ̀.

Ẹnì kan á ní ogun yàtọ̀ sí fàájì, pé bánga ọmọdé kì í ṣe ìbọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n etí kì í dúró béèrè. Bí nǹkan bá dún gbàmù láàárín èrò, ta ló máa kọ́kọ́ ṣèwádìí bóyá táyà ni, bóyá adigunjalè ni? Ẹsẹ̀ ló máa ń dáhùn. Ẹ wá ro ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀hún ń sá sí: níbí ni agbada epo gbígbóná wà lórí iná, lọ́hùn-ún ni títì tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà láàárín Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé tí àwọn ọlọ́pàá fi máa ń fòfin de bánga bí ìparí ọdún bá ń bọ̀, òfin tí ẹni tó ń tà mọ̀, tí ẹni tó ń rà mọ̀, tí èmi náà mọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó irú ọjà yìí pamọ́ sí bú gbàù ní Jankárà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó pa èèyàn, ó ṣe ọ̀pọ̀ léṣe, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé tó yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò lọ jagun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n á tún ní, ṣé àwọn ọdẹ kì í yin ṣákábùlà nígbà ọdún ni? Wọ́n ń yìn ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni ọdẹ ń kọ ẹnu ìbọn sí, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó fẹ́ yìn ín, bí nǹkan bá sì ṣe, orúkọ rẹ̀ kò ṣòro pè. Ẹni tó ju bánga sábẹ́ tábìlì aláta kì í ní orúkọ. Ó ti wà láàárín àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.) Àwọn tó ti rìnrìn àjò á ní ìlú etí omi lókè òkun ń tan iná aláràbarà lọ́dún, kò sì sí wàhálà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Ní Sydney, lálẹ́ ọdún tuntun, orí ọkọ̀ tó wà lójú omi ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti ń tan iná náà, òǹwòran wà létí bèbè. Omi ló ń gba ohun tó bá já bọ́. Omi ńlá tó súnmọ́ wa jù ni ti Aṣéjìrẹ́, ìdídò lórí odò Ọ̀ṣun, omi tí ará Ìbàdàn ń mu. N kò rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Àtakò kan ṣì wà tí n kò lè fi ẹ̀rín gbé jù sílẹ̀: àwọn ọmọ tó ń ta bánga, ṣé ebi ni kó pa wọ́n? Rárá. Ṣùgbọ́n ọjà ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni bánga, ọlọ́pàá sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e nígbàkúùgbà. Bí ìlú bá fẹ́ iná aláràbarà, kí ìjọba ìbílẹ̀ wá pápá kan tó jìnnà sí ọjà, kí wọ́n kéde alẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ náà síṣẹ́: kí wọ́n máa ta ìjókòó, omi tútù àti ẹran súyà fún òǹwòran. Ti ẹni tó máa ṣáná sí i, àwọn ọdẹ ló yẹ kí wọ́n lọ bá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi.