Ẹnjiníà Elédè Mẹ́sàn-án

Ẹ bá mi kí ọmọ àbúrò mi, ẹnjiníà kọ̀ǹpútà wa l'Ókìtìpupa. Lọ́jọ́ Ajé, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ló ń kọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní Java ló lówó nínú, ó ju Python sígbó. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, JavaScript ti délẹ̀, ó ní ṣebí àbúrò Java ni. Àbúrò ta? Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, bí Akin méjì tí wọn ò bára wọn tan. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Brendan Eich fi ṣe JavaScript lọ́dún 1995. Oṣù mẹ́wàá ni tiwa ti fi ń wò ó lórí YouTube, kò tíì kọ ìlà kan nínú rẹ̀.

Sítíkà ti bo ẹ̀yìn láátọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ọkọ̀ akérò tó ń ná Ọ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti parí: ó ní kí kọ̀ǹpútà kí ayé, kọ̀ǹpútà kí ayé, ló bá ní kí ìyá òun pa adìẹ.

Mo ní, "Wo ìyá rẹ nídìí pupuru. Ó rẹ gbágùúdá, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó mọ ọ́n róbótó, ó gbé e sókè iná kí èéfín pa á. Ṣé o rí i kó kọ́kọ́ gbé e sínú èéfín kó tó rẹ ẹ́? Èwo ló ṣáájú, èwo ló kàn: ohun tí Python ń bi ọ́ náà nìyẹn."

"Bọ̀ọ̀dá, pupuru kì í yọ SyntaxError."

"Má fún omi rẹ̀ dáadáa, kí o wá gbọ́ ohùn ìyá rẹ!"

Kí n má purọ́, èmi náà ti jó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́jú rí, àmì akámọ́ kan ni mò ń wá. Ìlà kẹta ló jókòó sí, ó ń wò mí.

Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń dí òun lọ́wọ́. Mo fi Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà ní Yorùbá tí Anuoluwapo Karounwi ṣe, hàn án, níbi tó jẹ́ pé "sọpé" lèèyàn fi ń pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an: ó ti di èdè kẹwàá!

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Python nìkan, iṣẹ́ kan péré: kẹ́ẹ̀gì epo pupa mélòó ni ìyá rẹ tà, ta ló sì jẹ ẹ́ lówó? Ọ̀sẹ̀ méjì, ó kọ ọ́ tán. A tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Onígbèsè àkọ́kọ́ tó yọ jáde: ẹnjiníà fúnra rẹ̀, owó dátà.