Ẹ Bá Mi Ná Ewé Yìí

(Fangcun ni wọ́n wà, ní Guangzhou, láàárín ọjà tíì tí èrò pọ̀ sí. Alájì Múrí, tó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn èèyàn wa kó ẹrù sí kọ̀nténà, ló mú Ìyá Bọ́ṣẹ̀, oníléèsì Balógun, wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyá Bọ́ṣẹ̀ rò pé omi tútù ni àwọn fẹ́ lọ mu.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Alájì, ẹ tún un pè. Bóyá ariwo ọjà ni kò jẹ́ n gbọ́.

ALÁJÌ: Ẹ gbọ́ dáadáa. 3,000 yuan ni jin kan. 500 gíráàmù ló ń jẹ́ jin kan.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ewé?

ALÁJÌ: Ewé ni.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ewé tí kò wo ibà, tí kò wo jẹ̀díjẹ̀dí?

ALÁJÌ: Obìnrin tó ń ta tíì yìí ti gbé omi kaná nítorí yín. Ẹ jókòó.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Èmi ti jókòó. Owó mi ni kò tíì jókòó.

ALÁJÌ: Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ra odidi jin kan. Inú ọ̀rá kéékèèké ni wọ́n ń dì í sí, gíráàmù 8 àti díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 60 ọ̀rá ló wà nínú jin kan.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ọ̀rá kan di 50 yuan nìyẹn. Àpò iyàwó yín ló ń jò, Alájì, wọn ò sì mọ̀.

ALÁJÌ: Wọ́n mọ̀. A ti parí ìjà yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti wá fún yín. Òkè Wuyi ni, ní àríwá Fujian. Àpáta ńláńlá ló wà níbẹ̀, àwọn àfonífojì tóóró wà láàárín wọn, omi ń sun lára òkúta, oòrùn kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́tù lójú. Òkúta tó ti rún ló pọ̀ nínú rẹ̀. UNESCO ti ka òkè náà mọ́ ogún àgbáyé láti 1999. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì sábà máa ń ká ewé rẹ̀ lọ́dún, láti ìparí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní oṣù tó kù?

ALÁJÌ: Iná ni wọ́n ń dá. Ẹ wò ó, èyí tí à ń mu nílé, tó wà nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ olókùn yẹn, irú igi kan náà ni. Èyí tó dúdú, wọ́n fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí tó fi pọ́n tán. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n tètè fi iná pa á kó má baà pọ́n rárá. Oolong, irú èyí tí à ń sọ yìí, wà láàárín, àárín yẹn sì ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á sá ewé náà kó rọ. Wọ́n á kó o sórí atẹ oparun, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n kí etí ewé máa gbá ara wọn, kó bó díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á tún gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe é mọ́jú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, imú ló fi ń ṣọ́ ọ: tí òórùn koríko bá ti kúrò lára rẹ̀, tí ti òdòdó tàbí ti èso dé, kíá, ó ti gbé e sínú agbada gbígbóná. Tó bá fi lè tòògbé, iṣẹ́ ọdún kan ti bà jẹ́ nìyẹn.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹni yẹn ni kí n fún lówó. Ẹ máa bá a lọ.

ALÁJÌ: Wọ́n á lọ́ ewé náà, wọ́n á gbẹ ẹ́, àwọn obìnrin á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣa igi àti ewé gbígbó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá dórí èédú. Kì í ṣe iná tó ń jó lala o. Eérú ni wọ́n fi ń bo èédú náà, kí ooru máa rọra wá. Yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí lórí wákàtí. Wọ́n á gbé e kúrò, ó lè sinmi fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ká ní oṣù karùn-ún, ìgbà òtútù lè dé kó tó ṣeé mu.

(Obìnrin náà da omi híhó sínú gaiwan, abọ́ funfun kékeré onídèérí, tí kò gbà ju nǹkan bí 110 mìlílítà lọ. Ó da omi náà nù, ó tú ọ̀rá kan sínú abọ́ tó ti gbóná, ó dé e, ó mì í, ó sì nà án sí Ìyá Bọ́ṣẹ̀.)

ALÁJÌ: Ẹ gbé imú sí i.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Háà. Ṣé kànáfùrù ni?

ALÁJÌ: Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Rougui ni orúkọ irú tíì yẹn, bó ṣe máa ń ta sánsán nìyẹn.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹ bi í léèrè. Mo mọ àwọn tó ń wọ́n lọ́fínńdà sára òkìrìkà.

ALÁJÌ: Mo ti bi í. Ojú tó fi wò mí, mi ò lè túmọ̀ rẹ̀.

(Omi híhó tún dé. Kò pẹ́ rárá tí ó fi dà á jáde, ó sì pín in sínú ife mẹ́ta.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ, kò tún rọ ọ́ kún?

ALÁJÌ: Ìwọ̀sí ni kó rọ ọ́ kún fún àlejò. Ọwọ́ á jó ẹni tó bá gbé e. Ìdá méje nínú mẹ́wàá ló tọ́.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Kó wá bu ọbẹ̀ ìdá méje fún àlejò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó wo orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́. Ta lẹ wá ń fi ìka gbá tábìlì pè?

ALÁJÌ: Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìka méjì, ẹ rọra gbá a. Wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri Guangdong. Ó yá, ẹ mu ún. Ẹ fà á pẹ̀lú afẹ́fẹ́, kó pariwo. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ó korò.

ALÁJÌ: Ẹ má tíì sọ̀rọ̀.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ó korò, Alájì, ẹ má tàn mí, ó… Ẹ dúró. Ó ti lọ. Nǹkan dídùn kan wà lọ́nà ọ̀fun mi. Kò sí lórí ahọ́n o, ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Ta ló fi ṣúgà síbẹ̀?

ALÁJÌ: Òun gan-an nìyẹn! Òun ni wọ́n ń sanwó fún.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Mílíìkì ńkọ́?

ALÁJÌ: Ìyá Bọ́ṣẹ̀!

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Mo kàn béèrè ni.

(Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó jẹ́ pé tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n fi ń mú un lọ sílé ìwé, ikùn ló fi ń wọn tíì. Yóò pẹ́ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀fun wọ̀n ọ́n.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ó dáa. Ẹ sọ fún un kó gbé olówó pọ́ọ́kú wá, èyí tó ń tà ní 300 yuan ní jin kan. Kó ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yìn ni màá kọ sí i. Mi ò fẹ́ rí ọ̀rá, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkè, ẹ̀yin náà ẹ má ṣẹ́jú sí mi.

(Ó yí àga rẹ̀ padà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ti ọwọ́ òsì yìí, èédú ni. Èédú ló fi bẹ̀rẹ̀, èédú ló fi parí. Ó tún ń fún ẹnu pọ̀, kò sì jẹ́ kí itọ́ padà wá. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni ti àkọ́kọ́.

ALÁJÌ: Ẹ gbà á. Ewé tí kò bá dára, wọ́n á yan án gan-an kí iná bo àléébù rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn iná nìkan, ẹ fura.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Kó tún omi dà sí méjèèjì. Kó máa dà á lọ.

(Ó ń dà á lọ. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, ti ọwọ́ òsì ti di omi gbígbóná tó ní àwọ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ti yí padà: títa rẹ̀ ti rọlẹ̀, adùn rẹ̀ ti borí. Ó ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tó di ìgbà keje.)

ALÁJÌ: Ẹ wá wo ewé wọn. Èyí olówó pọ́ọ́kú, ó dúdú, ó le, omi ò rí i tú. Èyí, ẹ na án sórí ìdérí. Ẹ rí etí rẹ̀ bó ṣe pọ́n? Ibi tó ń gbá ara wọn nínú atẹ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kókó wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè é. Iná tó mọ̀wọ̀n ló ṣe é.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ó rọ̀ bí ewé tútù. Ẹ̀yin Ṣáínà! Èwo wá ni baba wọn? Mo mọ̀ pé ẹ ń fi í pa mọ́ fún mi.

ALÁJÌ: 12,000 yuan ní jin kan. Rougui náà ni, àmọ́ Niulankeng ni wọ́n kọ sí i lára. Àfonífojì kan ni láàárín àpáta yẹn.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: 200 yuan ọ̀rá kan. Àfonífojì náà tóbi bí?

ALÁJÌ: Ó kéré. Ẹ ka orúkọ yẹn lára páálí ní Fangcun níbí nìkan, ẹ ó rí i pé ewé igi ibẹ̀ ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láéláé.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹn-ẹ́n. Kó ṣe é, ká mu ún.

(Wọ́n mu ún. Ìyá Bọ́ṣẹ̀ ò sọ nǹkan kan títí dé ife kẹta.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ó dára jù ú lọ. N kò ní purọ́. Kò fi ìkorò kọlu èèyàn, ó ń rọra wọlé, ó sì pẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Tí ẹ bá ní kí n fi ìdajì lé owó ti àkọ́kọ́, màá fi lé e. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin, mi ò rí i nínú ife. Ibi tí ẹnu mi bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni owó mi dúró.

ALÁJÌ: Ta lẹ rò pé ó ń ra èyí?

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹni tí kò ní mu ún.

ALÁJÌ: Háà! Ta ló sọ fún yín?

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ṣé èmi kì í ta léèsì ni? Ẹni tó fẹ́ fi léèsì ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ máa ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó fẹ́ fi tọrọ kọ́ńtíráàtì, èló ni kì í bi mí. Èwo ló wọ́n jù ló ń bi mí.

ALÁJÌ: Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Láti ìparí 2012 tí ìjọba ti ń gbógun ti ẹ̀bùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, irú páálí báyìí wà lára ohun tí ojú wà lára rẹ̀. Wọn ò dẹ́kun fífúnni, wọ́n kàn ń wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó fúnni ni. Ẹ sì tún gbọ́ ti tíì Òkè Wuyi kan, Da Hong Pao. Igi mẹ́fà péré ni ìyá rẹ̀, lára àpáta kan ní Jiulongke. Ní 2005, 20 gíráàmù tíì ara wọn, 208,000 yuan ni wọ́n tà á.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: 10,400 yuan gíráàmù kan! Ọ̀rá kékeré yìí á ju 80,000 lọ.

ALÁJÌ: Láti 2006 ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a mọ́. Wọ́n mú 20 gíráàmù nínú ìkórè tó gbẹ̀yìn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Beijing ní 2007.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Tíì tó wọ́n jù, gíláàsì ló ń mu ún. Kí wá ni gbogbo Da Hong Pao tí mo rí lára ògiri yìí?

ALÁJÌ: Òmíràn, ẹ̀ka ni wọ́n gé lára àwọn igi yẹn, wọ́n gbìn ín, ọmọ wọn ni. Èyí tó pọ̀ jù, àpòpọ̀ ni: Rougui, Shuixian, àtàwọn mìíràn. Èyí kì í ṣe jìbìtì o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pò, tirẹ̀ lè dùn ju ti ẹni tó ń ta orúkọ àfonífojì lọ. Orúkọ ìyá ni kò yẹ kí ẹ san owó fún.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Mo gbọ́. Kí ni èyí tí wọ́n ya kòkòrò sí lára yìí?

ALÁJÌ: Ti Taiwan nìyẹn. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ewé rẹ̀ kó tó ní òórùn oyin. Èyí tí kòkòrò ò bá jẹ, kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹ má jẹ́ kí àwọn elẹ́wà Mílè Kejìlá gbọ́. Ó ti tó. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́, 15 ọ̀rá. Ẹ sọ fún un pé 30 yuan ni màá san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ALÁJÌ: Ó ní 50 ni.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Ẹ sọ fún un pé mo mọ àtàtà yàtọ̀ sí jáńkù láìwo ọ̀rá. 40.

ALÁJÌ: Ó ní nítorí bí ẹ ṣe kọ ẹ̀yìn sí òun yẹn ni òun fi gbà. 600 yuan ni gbogbo rẹ̀.

(Obìnrin náà gbé páálí pupa kan sílẹ̀, aṣọ ṣẹ́dà wà nínú rẹ̀, wúrà ni wọ́n fi kọ ara rẹ̀. Ó fẹ́ to ọ̀rá náà sínú rẹ̀.)

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Èló ni páálí?

ALÁJÌ: Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Kó dá ọ̀fẹ́ rẹ̀ padà sórí pákó. Kó kó tíì mi sínú ọ̀rá dúdú, kó fi ọ̀rá tíì méjì rọ́pò páálí.

ALÁJÌ: Ó ní ọ̀kan ni òun lè fi lé e.

ÌYÁ BỌ́ṢẸ̀: Alájì, ẹ bá mi gbé báàgì mi, ká máa lọ.

ALÁJÌ: Ó ní méjì náà ni.