Ẹsẹ̀ Kọ́bọ́ọ̀dù

Owó tí Bàbá Káfíńtà àdúgbò wa pè ló bí mi nínú. Kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò dí àlàfo yàrá wa láti ògiri dé ògiri, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, kí ló le níbẹ̀? Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama. Mo sì ti tún ẹsẹ̀ àga ṣe rí. (Àga náà ti wó, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń wí.)

Mo gba Bódìjà lọ n'Ìbàdàn, mo ra pláíwúùdù tí wọ́n lẹ awọ ọ̀gànwó mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní ìbú. Ẹ ó búra pé odidi ọ̀gànwó ni. Ohun tí n kò bèèrè ni bí awọ náà ṣe nípọn sí: kò tó mìlímítà 1.

Eyín ayùn oníná tí à ń fọwọ́ tì máa ń ti ìsàlẹ̀ jẹ igi bọ̀ sókè, nítorí náà ojú tó bá wà lókè ló ń ya. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á da ojú tó dára délẹ̀, á kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ mímú fa ìlà síbi tí ayùn máa gbà. Èmi gbé ojú tó dára sókè kí n lè máa rí i. Mo rí i lóòótọ́. Etí rẹ̀ dà bíi búrẹ́dì tí eku jẹ. Mo ní kò burú, sáńdípépà á yanjú ẹ̀. Mo ha á, mo ha á, títí ọ̀gànwó fi tán níbẹ̀, tí igi funfun abẹ́ rẹ̀ yọjú sí mi.

Etí pláíwúùdù kò ṣeé fi sílẹ̀ níhòòhò. Gbogbo ìpele inú rẹ̀ ló máa ń hàn. Ọ̀já awọ igi kan wà tó ti ní gọ́ọ̀mù gbígbẹ lẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń yọ́ gọ́ọ̀mù náà tí á fi lẹ̀. Ó yẹ kí n fi bébà lé e kí n tó tẹ̀ ẹ́. N kò fi nǹkan kan lé e. Lọ́jọ́ Àìkú, áyọ́ọ̀nù gbá búláàsì léèsì ìyàwó mi mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Bàbá Tólú, kí lẹ fi áyọ́ọ̀nù mi ṣe?"

"Bóyá iná tí wọ́n mú wá lóru ló pọ̀ jù."

Ó wò mí. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ibi tí mo ti ń kàn án pọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Bàbá Káfíńtà bá mi.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?"

"Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù kì í rìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n bá mi gbé e nàró. Ó ń dìde bọ̀, gbàà! igun òkè rẹ̀ há mọ́ àjà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gíga rẹ̀, íǹṣì 1 péré ni àjà wa fi ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó jìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, bí a bá sì ń gbé e dìde, igun sí igun ló yẹ ká wọ̀n: 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, ẹ wá gbòǹgbò 68. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 3.

"Sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wí lábẹ́ ẹrù, "ṣé Pythagoras kọ́ nìyí?"

"Gbé tìrẹ dáadáa."

Ìgbà tí Bàbá Káfíńtà padà wá ni mo tó mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè. Wọ́n gé íǹṣì 4 kúrò nísàlẹ̀, wọ́n kan férémù igi líle lọ́tọ̀, wọ́n fi pẹlẹbẹ igi há a lábẹ́ títí ó fi dọ́gba, torí ilẹ̀ yàrá wa dagun. Àpótí náà dìde wẹ́rẹ́, ó gorí férémù. Omi tí a fi ń nu ilẹ̀ kò ní rí i mú mọ́. Omi ló ń mú pláíwúùdù wú tí awọ rẹ̀ á fi ṣí. Ògiri ńkọ́? N kò tíì rí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri tó gún, ìsàlẹ̀ nìkan ni mo sì wọ̀n. Kọ́bọ́ọ̀dù há nísàlẹ̀. Lókè, ọwọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n fá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé bí ògiri ṣe wọ́, wọ́n fi dí i.

Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún ló borí wọn. Ihò híńjì tí à ń lu sẹ́yìn rẹ̀, mìlímítà 35 ni fífẹ̀ rẹ̀, jíjìn rẹ̀ kì í ju bíi 13 lọ. Èmi ti lu ti òkè já síwájú. Ìyàwó mi fi kàlẹ́ńdà ìjọ bò ó. Ti èṣí ni, ṣùgbọ́n àwòrán òun nínú búláàsì léèsì ọ̀hún wà níbẹ̀, kò sì gbà kí n yọ ọ́.