Kòtò Yí Wa Ká

Ní 2017, wọ́n gbẹ́ kòtò ràgàjì yí Yunifásítì Maiduguri ká nítorí Boko Haram. Ẹ̀rù ń ba àwọn olùkọ́, wọ́n sì ń kọ́ni lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ò torí Boko Haram tì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, Ọjọ́ Olólùfẹ́ gan-an, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, kẹ̀yìn sí ìjọba, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Oṣù mẹ́jọ géérégé ló gbà! Eruku nìkan ló ń jókòó sórí àga ní kíláàsì, aláǹgbá ń mi orí níwájú pátákó bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ló fà á? Owó, àti àdéhùn 2009 tí ìjọba buwọ́ lù, tí wọ́n sì wá sùn lé lórí. Àṣé Àbújá ló yẹ ká gbẹ́ kòtò náà yí ká.